Iṣẹ́ Tí A Lè Yẹ̀ Wò: Bí Orúkọ Olùkọ́ Ṣe Ń Dé Ọ̀nà Jíjìn

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, láti Kado níbí ní Àbújá ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ó kan àwọn tó jẹ́ olùkọ́ láàárín yín, ó sì kan gbogbo òbí tó ń wá olùkọ́ fún ọmọ rẹ̀ ní ilẹ̀ àjèjì. Ìtàn àwọn baba wa ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Màmá kan ní ìjọ wa ló jẹ́ kí n tún ṣí ìtàn náà wò.

Màmá yìí fi ọdún 35 kọ́ ọmọ ní ilé ìwé ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, tí wọ́n sì tẹ̀lé ọmọ wọn wá sí Kado. Ẹni tó bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké wa ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ yóò fẹ́ padà di ọmọdé. Ní ọdún tó kọjá, ìdílé kan tó ti jẹ́ ọmọ ìjọ wa rí, tí wọ́n ti kó lọ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé sí mi pé kí n bá àwọn wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ àwọn ní Yorùbá lórí Zoom. Kíá ni mo fi orúkọ Màmá ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, bàbá àwọn ọmọ náà fèsì pé: "Ẹ ṣeun, Arábìnrin. A wá orúkọ wọn lórí Google, a ò rí nǹkan kan. A ti rí ẹlòmíràn."

Ẹlòmíràn náà ní ojú ìwé tó dára lórí ayélujára. Àwòrán rẹ̀ ń dán, ọ̀rọ̀ dídùn sì kún ibẹ̀. Wọ́n san owó oṣù mẹ́ta. Nígbà tí oṣù mẹ́ta náà pé, àkọ́bí wọn, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ń bá ìyá rẹ̀ àgbà sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ó gbọ́ tí ọkọ̀ ilé ìwé dúró níta, ó sì pariwo pé, "Màmá, ọkọ mi ti dé!" Ìyá àgbà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọkún. Kò sí ẹni tó sọ fún ọmọ náà láti oṣù mẹ́ta yìí wá pé ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà.

Inú bí mi díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé n kò lè dá ìdílé náà lẹ́bi tán. Wọn kò rí Màmá rí. Kí ni Màmá ní tí àlejò lè fi ojú rí, tí ó lè fi etí gbọ́, kí ó tó fi ọmọ rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́? Kò sí. Iṣẹ́ ọdún 35 wà nínú orí wọn, ó sì wà nínú àwọn ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ tí wọ́n dì sínú àpótí lábẹ́ ibùsùn.

Mo lọ bá wọn. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká gbé iṣẹ́ yín síta kí àwọn tó wà lókèèrè lè rí i." Wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé kí n wá máa kígbe ara mi bí àwọn tó ń ta ẹja ní Kado ni?"

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ìhà ibí rí, ẹ mọ ọjà ẹja wa. Ariwo ibẹ̀ kò kéré. Ṣùgbọ́n oníbàárà tó gbọ́n kì í torí ariwo ra ẹja. Á fi ìka tẹ ẹran ara rẹ̀ wò, á wo ẹyinjú rẹ̀, á ṣí ibi tí ẹja fi ń mí láti mọ̀ bóyá ó ṣì pọ́n. Ẹni tí ẹja rẹ̀ kò tíì bàjẹ́ kì í bẹ̀rù kí ènìyàn yẹ̀ ẹ́ wò. Mo sọ fún Màmá pé kì í ṣe pé kí wọ́n kígbe ni mo ń sọ. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n ṣí ọjà wọn sílẹ̀ kí ènìyàn lè yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àgbà olùkọ́ wo ló ṣe bẹ́ẹ̀ rí?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn fún Màmá àti fún ẹ̀yin náà.

Olùkọ́ kan ní Sàró

Ní ọdún 1821, àwọn akónilẹ́rú kọlu ìlú Ọ̀ṣogùn, wọ́n sì kó ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí lọ. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí. Ní ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Myrmidon gba òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown ní Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé kíkà, tí ó di onígbàgbọ́, tí a sì sọ ọ́ ní Samuel Crowther. Ní ọdún 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay. Nígbà tí ó jáde, iṣẹ́ olùkọ́ ilé ìwé ni ó ń ṣe. Àwa mọ̀ ọ́n sí bíṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, olùkọ́ ni.

Ta ni ì bá mọ olùkọ́ ilé ìwé abúlé kan ní Sàró? Ohun tó sọ ọ́ di ẹni mímọ̀ ni pé ó ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ó jáde. Ní 1841 ó bá àwọn tó rin ìrìn àjò odò Ọya lọ. Ìwé ìrántí ojoojúmọ́ tí òun àti míṣọ́nnárì J. F. Schön kọ lórí ìrìn àjò náà jáde ní 1842. Ní 1843, ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní London. Apá kan lọ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, apá kejì láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì, àlàyé gírámà sì wà níwájú. Lójú ìwé àkọ́kọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, wọn kò kọ oyè ńlá kankan. Olùkọ́ ni wọ́n pè é.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè yẹ̀ wò ni ìwé náà kún fún. Bí Crowther bá kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ní àṣìṣe, ọmọ Ọ̀yọ́ tàbí ọmọ Ẹ̀gbá èyíkéyìí ní Freetown lè sọ fún un. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì gbé e jáde. Kò sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1852, lẹ́yìn tí ó ti gbé ní Abẹ́òkúta, ó tún ìwé náà ṣe, ó fẹ̀ ẹ́ lójú, ó sì fi ọ̀pọ̀ òwe Yorùbá kún un. Ẹni tó ka ti 1843, tó sì ka ti 1852, yóò rí i pé olùkọ́ yìí kò dẹ́kun kíkọ́.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ̀yin tí ẹ wà lókèèrè fi sọ́kàn ni pé, púpọ̀ nínú iṣẹ́ kíkọ èdè wa sílẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀ ní àjò. Láàárín àwọn tí ogun àti ẹrú gbé dé Sàró ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Crowther wàásù ní èdè Yorùbá ní Freetown ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844, àwọn tó jìnnà sí ilé bí ẹ̀yin lónìí ni wọ́n jókòó síwájú rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún yín pé, nítorí ẹ kò sí nílé, ẹ kò ní nǹkan kan láti ṣe fún èdè yìí.

Àwa Onítẹ̀bọmi náà ní tiwa níbẹ̀. Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì wa àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850. Ó dé Ìjàyè, ó sì dé Ògbómọ̀ṣọ́. Àìlera kò jẹ́ kí ó pẹ́ níbí. Ṣùgbọ́n ní 1858, Smithsonian Institution ní Washington tẹ ìwé gírámà àti ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó kọ. Ibi tí ó gbé iṣẹ́ náà sí ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Ilé iṣẹ́ yìí máa ń fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìkàwé káàkiri ayé, ibi tí àwọn tó ń wá ìmọ̀ ti máa ń wá a. Bowen kò lè padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti máa gbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n títí di òní, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá ìwé rẹ̀ yóò rí i.

Orúkọ wo ni wọn yóò fi mọ̀ ọ́?

Ọmọ Iléṣà ni ẹnì kejì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 1860, wọ́n sì sọ ọ́ ní David Brown Vincent. Ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Èkó, ó sì kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé kí ó tó di oníwàásù láàárín àwa Onítẹ̀bọmi. Nígbà tí awuyewuye dé ní Èkó ní 1888 láàárín míṣọ́n àwọn ará Amẹ́ríkà àti àwọn ọmọ ìjọ, ó wà lára àwọn tó jáde lọ dá ìjọ tí ọmọ ilẹ̀ yìí ń darí sílẹ̀. Ní 1894 ó bọ́ orúkọ Vincent sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, Mojọlá Agbébí ni ó ń jẹ́. Aṣọ ilẹ̀ wa ni ó ń wọ̀, ó sì ń wọ̀ ọ́ lọ sí òkè òkun pẹ̀lú.

Ìwé ìròyìn ni ayélujára ayé ìgbà yẹn. Láti ìgbà tí Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá 1859, tí ènìyàn sì ń fi 120 owó ẹyọ rà á, àwọn ènìyàn wa ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ lè dé ibi tí ẹsẹ̀ kò lè dé. Nígbà tí Agbébí fi dàgbà, ìwé ìròyìn ti pọ̀ ní Èkó, ó sì ń kọ̀wé sínú wọn. Ó tún ń tẹ àwọn ìwàásù rẹ̀. Ìwàásù kan tí ó ṣe ní Èkó ní oṣù Kejìlá 1902, nípa bí ọmọ Áfíríkà ṣe lè jẹ́ Kristẹni láìsọ ara rẹ̀ di Òyìnbó, ré òkun kọjá. Àwọn ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà kà á. Oníwèé ìròyìn kan ní New York, John Edward Bruce, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí i. Ní 1911, nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè péjọ sí London láti jíròrò lórí ìbágbépọ̀ àwọn ẹ̀yà, Agbébí wà níbẹ̀, ó sì ní ìwé tirẹ̀ níwájú wọn. Ní 1914, nígbà tí àwọn Onítẹ̀bọmi tó ti pínyà tún para pọ̀ nínú ẹgbẹ́ tó di Nigerian Baptist Convention, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ó sùn nínú Olúwa ní 1917.

Kí ni èyí kọ́ olùkọ́ òde òní? Ó kọ́ wa pé orúkọ ni okùn tí a fi ń so iṣẹ́ pọ̀. Ìwé tí Agbébí kọ́kọ́ kọ wà lábẹ́ orúkọ Vincent. Ìyókù wà lábẹ́ Agbébí. Nítorí pé ó yí orúkọ rẹ̀ padà ní gbangba, tí ó sì sọ ìdí rẹ̀, a mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ni. Síbẹ̀, àwọn kan ń kọ ọ́ ní Mojola, àwọn mìíràn ní Majola, ẹni tó bá sì ń wá iṣẹ́ rẹ̀ lónìí gbọ́dọ̀ wá orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ wo ara yín wò. Àwọn arábìnrin mélòó ló wà láàárín yín tí ìwé ẹ̀rí wọn ń jẹ́ orúkọ bàbá wọn, tí ìwé ìrìnnà wọn ń jẹ́ orúkọ ọkọ wọn, tí Facebook wọn sì ń jẹ́ "Ìyá Ìbejì"? Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ olùkọ́, ẹ mú orúkọ kan tí ẹ ó máa fi ṣe iṣẹ́, kí ẹ sì máa kọ ọ́ bákan náà níbi gbogbo. Bí ẹ bá yí i padà, ẹ sọ ọ́ síta. Màmá wa ní Kado, orúkọ mẹ́ta ni mo bá nínú ìwé wọn, a sì kọ ọ̀kan nínú wọn ní ọ̀nà méjì. Kò yà mí lẹ́nu mọ́ pé Google kò rí wọn.

Ìwé tó sọnù

Ẹnì kẹta ni Samuel Johnson. Sàró ni wọ́n ti bí i ní 1846, àwọn òbí rẹ̀ sì mú un wá sí Ìbàdàn nígbà tí ó wà ní ọmọdé. Lẹ́yìn tí ó kàwé ní Abẹ́òkúta, ó di olùkọ́ ilé ìwé ní Ìbàdàn ní 1866. Iṣẹ́ náà mú un mọ ìlú, ó mú un mọ àwọn ìjòyè àti àwọn arọ́kìn tó mọ ìtàn Ọ̀yọ́. Ó ń gbọ́, ó sì ń kọ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀rù ń bà á pé bí àwọn àgbà bá ti kú tán, ìtàn yóò bá wọn lọ. Ní 1897, ó parí ìwé ńlá lórí ìtàn àwọn Yorùbá.

Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìwé náà sọnù. Wọ́n retí, wọ́n retí, wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ní 1901, Johnson kú láìrí ìwé tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ.

Ẹ̀yin ará, bí kì í bá ṣe ohun kan ni, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Àwọn àkọsílẹ̀ àti ìwé àkọ́kọ tí Johnson ti fi ọwọ́ kọ kí ó tó da gbogbo rẹ̀ kọ ṣì wà nílé. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, oníṣègùn ní Èkó, kó wọn jọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìwé náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó parí, wọ́n fi í ránṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1916 nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń jẹ́ Appam. Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ń lọ lọ́wọ́. Àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó lé ní ọdún méjì kí a tó tún rí ìwé náà. Nígbà náà, ogun ti sọ bébà di ohun ọ̀wọ́n. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde, Obadiah fúnra rẹ̀ sì ti kú ní 1920. Ọdún 24 ni ó gbà láti ọjọ́ tí olùkọ́ yìí parí iṣẹ́ rẹ̀ sí ọjọ́ tí ènìyàn tó lè rà á kà.

Lónìí, kò sí ẹni tó ń kọ ìtàn Yorùbá tí kò ní ṣí ìwé Johnson. Àwọn mìíràn ń bá a jiyàn, wọ́n ń sọ pé ojú Ọ̀yọ́ ló fi wo gbogbo nǹkan. Ó dára bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tó wà níta ni ènìyàn lè bá jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé àkọsílẹ̀ tó kù sílé ló gba iṣẹ́ náà là. Ẹ̀yin olùkọ́ tí gbogbo ẹ̀kọ́ yín wà lórí fóònù kan ṣoṣo, tàbí lórí ojú ìwé kan tí ẹlòmíràn ni ín, ẹ gbọ́ ìtàn yìí. Ọjọ́ tí fóònù bá bọ́ sómi, tàbí tí wọ́n bá ti ojú ìwé náà pa, kí ni yóò kù nílé?

Láti inú iṣẹ́ àṣekágbá kan

Kí ẹ má bàa sọ pé ìtàn àtijọ́ nìkan ni mo mọ̀, ẹ jẹ́ kí n mú ẹnì kan wá nínú ayé tiwa. Ní 2005, Kọ́lá Túbọ̀sún jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ dá lórí orúkọ Yorùbá, pẹ̀lú ohùn tí ènìyàn lè gbọ́. Ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló máa ń kú sínú yàrá ìkówèésí. Ní 2009 ó lọ sí Edwardsville ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ibẹ̀ ní èdè Yorùbá, ó sì ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí sórí ayélujára fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà. Ní 2012, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yan ọjọ́ kan tí àwọn ènìyàn fi kọ Yorùbá sórí Twitter, kí ilé iṣẹ́ náà lè mọ̀ pé èdè yìí ní ènìyàn. Nígbà tí ó padà sílé, ó ṣe olùkọ́ ilé ìwé girama ní Èkó.

Iṣẹ́ orúkọ yẹn kò kú. Ní 2016, YorubaName ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ìwé ìtumọ̀ orúkọ ni, lórí ayélujára. Ẹ lè kọ orúkọ ọmọ yín síbẹ̀ kí ẹ rí àmì ohùn rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ àti bí a ṣe ń pè é. Bí orúkọ yín kò bá sí níbẹ̀, ẹ lè fi í ránṣẹ́, àwọn olóòtú yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún kan náà, wọ́n fún Túbọ̀sún ní ẹ̀bùn ní Ostana ní Ítálì fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí èdè abínibí.

Ẹ ka àwọn ọdún yẹn: láti 2005 dé 2016. Ọdún 11. Kì í ṣe àwòrán dídán ló mú orúkọ rẹ̀ dé Ítálì. Iṣẹ́ kan ni, tó wúlò fún ẹlòmíràn, tí orúkọ ẹni tó ṣe é wà lára rẹ̀, tí a kò sì pa tì. Ohun tí Crowther ṣe náà nìyẹn. Bébà ni tirẹ̀, ayélujára ni ti ìsinsin yìí.

Ìbẹ̀rù Màmá

Síbẹ̀, ìbẹ̀rù Màmá kì í ṣe ìbẹ̀rù òmùgọ̀. Nínú ìwàásù orí òkè kan náà, Olúwa wa sọ ọ̀rọ̀ méjì tó dà bí ẹni pé wọ́n ń bá ara wọn jà. Nínú Mátíù orí karùn-ún, ó ní kí a má ṣe bo fìtílà mọ́lẹ̀. Nínú orí kẹfà, ó kìlọ̀ fún ẹni tó ń ṣe rere kí ènìyàn lè rí i. Èwo ni kí olùkọ́ tẹ̀lé nínú méjèèjì?

Mo rò pé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹtàdínlógún ràn wá lọ́wọ́. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù kọ́ àwọn ará Béríà, wọn kò torí pé ẹnu rẹ̀ dùn gbà á. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá inú Ìwé Mímọ́ láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Bíbélì yìn wọ́n fún un, Pọ́ọ̀lù kò sì bínú. Ẹni tó fẹ́ kí ènìyàn rí òun yóò bínú bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó fẹ́ kí ènìyàn rí ìmọ́lẹ̀ yóò ní, "Ẹ wá wò ó." Fìtílà kì í pe ara rẹ̀ lórúkọ. Ohun tó wà nínú yàrá ni ó ń jẹ́ kí a rí.

Mo ka ibẹ̀ pẹ̀lú Màmá ní alẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìpàdé àdúrà. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n mi ò ní máa jó o."

Wọn kò jó. Ohun tí a ṣe rọrùn. A mú orúkọ kan. A kọ ìlà mẹ́rin nípa wọn: ibi tí wọ́n ti kàwé, ọdún tí wọ́n fi ṣiṣẹ́, ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ, ọjọ́ orí ọmọ tí wọ́n lè kọ́. A kò kọ oyè tí wọn kò ní. A kò fi àdírẹ́sì ilé síta. Mo fi fóònù mi gba ẹ̀kọ́ mẹ́fà sílẹ̀ nínú pálọ̀ wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ìṣẹ́jú méje lọ, ìró jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì wà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní ni ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. A gbé wọn sórí YouTube. A gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí kí ojú ọmọ kankan tó hàn. A ya àwòrán àwọn ìwé inú àpótí yẹn ní ojúewé kọ̀ọ̀kan, a sì fi ẹ̀dà sí ibi mẹ́ta, nítorí Samuel Johnson.

Àwọn tó wò ó ní oṣù kìn-ín-ní kò pé 50. Ọ̀kan nínú wọn, olùkọ́ kan tí a kò mọ̀ rí, kọ̀wé pé àmì orí ọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀kọ́ kẹta kò tọ́. Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. Màmá wo ibẹ̀, wọ́n ní, "Òtítọ́ ló sọ," wọ́n sì ní kí n gbé fóònù wá ká tún un ṣe. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà ní gbangba. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé olùkọ́ gidi ni mo ń bá ṣiṣẹ́.

Ìdílé tó wà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì náà ti rí àwọn ẹ̀kọ́ yìí. Wọn kò tíì gba Màmá síṣẹ́, nítorí owó ti tán fún ìgbà yìí. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́jọ náà ń wo ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní ní àràárọ̀ nígbà tí ó bá ń dúró de ọkọ̀. Ìyá rẹ̀ àgbà sọ fún mi pé ó ti ń pè é bó ṣe yẹ, ó sì ti ń tọ́ àbúrò rẹ̀ sọ́nà.

Ẹ̀yin ará mi, mo mọ̀ pé olùkọ́ ni àwọn kan nínú yín kí ẹ tó kúrò nílé. Lónìí, ẹ ń tọ́jú arúgbó lóru, ẹ ń kó ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí, ìwé ẹ̀rí yín sì wà nínú báàgì nítorí pé ilẹ̀ tí ẹ wà kò tíì gbà á wọlé. N kò ní sọ fún yín pé fídíò kan yóò yí gbogbo rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ mọ̀ kò ní kú nínú báàgì bí ẹ bá mú ẹ̀kọ́ kan tí ẹ mọ̀ dájú, tí ẹ fi orúkọ yín sí i, tí ẹ gbé e sí ibi tí ènìyàn ti lè yẹ̀ ẹ́ wò, tí ẹ sì pa ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ sílé. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó fi ọmọ lé olùkọ́ lọ́wọ́, ẹ wo iṣẹ́ rẹ̀ bí àwọn ará Béríà. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan nípa ẹni tí ará kan dárúkọ fún yín, ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó kọjá lọ. Bóyá fìtílà kan ló wà lábẹ́ ibùsùn níbẹ̀.

Kí Olúwa tó pe Àjàyí láti inú ọkọ̀ ẹrú wá di olùkọ́ rántí gbogbo olùkọ́ wa, ní ilé àti ní ìdálẹ̀. Kí ó má jẹ́ kí iṣẹ́ wọn sọnù. Àmín.